Àlejò Ọjọ́ Sátidé

Dinah Ọláníyọnu fúnra rẹ̀ ló kọ́kọ́ rí ìkéde náà. Lọ́dún 1995, kọ̀ǹpútà kan ṣoṣo ló ń gba í-meèlì ní ẹ̀ka tó ti ń ṣiṣẹ́ ní yunifásítì ní Kumasi, ẹ̀ẹ̀mejì lóòjọ́ ló sì ń gba orí okùn tẹlifóònù pe Accra láti kó lẹ́tà. Iṣẹ́ Dinah ni láti tẹ ohun tó bá wọlé sórí bébà, kó sì lẹ̀ ẹ́ mọ́ pátákó ìkéde. Lọ́jọ́ náà, àjọ kan ní Jámánì ń wá ọ̀dọ́ olùwádìí kan tó mọ kọ̀ǹpútà. Wọn yóò bọ́ ọ fún ọdún mẹ́ta, títí yóò fi gba oyè dókítà. Dinah kà á dé ìlà tó kẹ́yìn. Ọmọ ilẹ̀ Ghana nìkan.

Kumasi ni wọ́n bí i sí. Kò dé Nàìjíríà rí. Ó kọ “Ghana” sínú fọ́ọ̀mù, ó so ìwé ìbí rẹ̀ mọ́ ọn bí wọ́n ṣe ní kó ṣe, ó sì gbàdúrà pé kí ẹnikẹ́ni má kà á dé ìsàlẹ̀, níbi tí akọ̀wé kan ti fi yíǹkì kọ ọ́ pé ọmọ Nàìjíríà ni bàbá rẹ̀.

Ẹni mẹ́ta ló fọ̀rọ̀ wá a lẹ́nu wò. Àwọn méjì bi í nípa iṣẹ́ rẹ̀, bí àwọn kọ̀ǹpútà kéékèèké ṣe lè pín iṣẹ́ ńlá láàrin ara wọn, tó fi jẹ́ pé bí iná bá lọ lọ́dọ̀ ọ̀kan, ìyókù á máa bá a lọ. Ó dáhùn, wọ́n rẹ́rìn-ín músẹ́. Dókítà Kwaku Adomako tó jẹ́ alága kò bi í ní nǹkan kan. Ìwé ló ń yẹ̀ wò. Nígbà tí àwọn méjì yòókù jáde lọ mu tíì, ó ní kí Dinah dúró.

“Dinah Ọláníyọnu,” ló wí. Ó pe orúkọ náà pé. Lani ni gbogbo yunifásítì ń pè é.

Dinah mọ̀ pé ó ti kà á dé ìsàlẹ̀.

“Wo papa firi he?” Twi ni Dókítà fi bi í níbi tí bàbá rẹ̀ ti wá.

“Kumasi ha.” Kumasi níbí.

“Ṣáájú Kumasi ńkọ́?”

Dókítà wo ẹnu ọ̀nà. Ó yọ ìwé ìbí náà kúrò nínú fáìlì, ó ká a sí mẹ́rin, ó fi í sí àpò àyà rẹ̀.

“Ta ló tún ti rí ìwé yìí?”

“Kò sí, sà. Ẹ̀yin nìkan.”

“Bàbá rẹ ṣì wà láyé?”

“Bẹ́ẹ̀ ni, sà.”

“Ibo lẹ ń gbé?”

Ó sọ fún un: Santasi, ẹ̀yìn ṣọ́ọ̀bù káfíńtà. Ìgbà tó sọ ọ́ tán ló tó mọ̀ pé irọ́ ló yẹ kóun pa.

“Sátidé ni mo máa wá. Kí bàbá rẹ má lọ síbì kankan. Má sì sọ fún ará ìta.”

Nígbà tó délé tó ròyìn, bàbá rẹ̀ kò bá a wí. Ó kàn wá àga, ó jókòó. Àdúgbò Alabar ní Kumasi ló ti ń ta táyà kẹ̀kẹ́ láti ìgbà àpọ́n rẹ̀, ibẹ̀ ló sì wà lọ́dún 1969 tí ìjọba Ghana fún àwọn àlejò tí kò ní ìwé lọ́jọ́ mẹ́rìnlá kí wọ́n kó jáde. Òun rí ìwé tirẹ̀ gbà. Ẹ̀gbọ́n rẹ̀ kò rí i gbà, orí lọ́rì sì ni ọmọ ẹ̀gbọ́n náà kú sí kí wọ́n tó dé Lomé. Láti ìgbà náà, bí ẹni tó wọ kakí bá kanlẹ̀kùn, ẹ̀yìnkùlé ni Bàbá ń gbà jáde.

“Ẹ dárí jì mí, Bàbá,” ni Dinah wí.

“Kí lo ṣe? Iṣẹ́ lo wá.” Ó kọjú sí ìyàwó rẹ̀. “Ìyá Dinah, di ẹrù.”

“Ẹrù wo? Ó lé lọ́gbọ̀n ọdún tẹ́ ẹ ti wà níbí! Awurade! Olúwa mi! Níbo la fẹ́ kó o lọ?”

Wọ́n dì í náà. Dinah kò lọ síbi iṣẹ́ ní Ọjọ́bọ̀, kò lọ ní Ẹtì. Bí mọ́tò bá ti rọra ń lọ níwájú ilé, àwọn mẹ́tẹ̀ẹ̀ta á dákẹ́ títí yóò fi kọjá. Bàbá ní kí Dinah máa lọ sọ́dọ̀ ọ̀rẹ́ rẹ̀ ní Accra, kí wọ́n bá òun nìkan nílé.

“Èmi ni mo fà á, Bàbá. Mi ò lọ.”

Ní ọ̀sán Sátidé, mọ́tò funfun kan dúró. Dókítà nìkan ló sọ̀. Ìyẹn kò fi Bàbá lọ́kàn balẹ̀. Lọ́dún 1969, ẹnì kan ṣoṣo ni ìjọba kọ́kọ́ máa ń rán wá wo ilé. Àlejò náà wọlé, ó wo ẹrù tí wọ́n dì, ó wo ojú Bàbá. Kọ́kọ́rọ́ mọ́tò bọ́ lọ́wọ́ rẹ̀, kò bẹ̀rẹ̀ mú un.

“Orúkọ rẹ ti lọ láàárọ̀ àná,” ló wí fún Dinah.

Ìyá Dinah di ògiri mú. Bàbá dìde, ó na ọwọ́ rẹ̀ méjèèjì síwájú bí ẹni tó ń dúró de ṣẹkẹ́ṣẹkẹ̀.

“Èmi ni kẹ́ ẹ mú,” ló wí ní Twi. “Ọmọ mi ò ṣẹ̀.”

Dókítà Adomako yí padà, ó ti ilẹ̀kùn, ó dọ̀bálẹ̀ gbalaja lórí símẹ́ńtì láàrin ẹrù, ó sì fi Yorùbá Ògbómọ̀ṣọ́ sọ ọ́ jẹ́jẹ́ pé: “Bàbá, Jámánì ni mo fi orúkọ ọmọ yín ránṣẹ́ sí, Adéfọlá ni mí, ọmọ tẹ́lọ̀ tó gbé Alabar nígbà náà, láti ọdún tí wọ́n kó àwọn òbí mi sórí lọ́rì, tí mo sá pamọ́ kí n lè parí ìwé mi, ni mo ti ń jẹ́ Kwaku, mi ò sì lẹ́nì kan tí mo lè bi, ẹ jọ̀ọ́, ṣé ẹ mọ̀ bóyá ìyá mi ṣì wà láàyè?”