Ọkùnrin Ojú Fèrèsé ní Òpópó Aláró

Wọ́n gbé àwòrán náà kọ́ sí ìsọ̀ ìwé tó kọjú sí àgọ́ ọlọ́pàá, ibẹ̀ ni Honorine sì ti rí i. Òpópó Aláró ni, dúdú kirikiri nínú òjò: ilé fara ti ilé, obìnrin méjì da ìborùn borí, kò sí lẹ́tà kan lára pátákó ìsọ̀ kankan. Lójú fèrèsé òkè kan lápá òsì, ọkùnrin kan yọrí. Bastien, àbúrò Honorine, ni.

Láti ìgbà ìjà ìgboro oṣù Kejìlá ni ìjọba ti ń wá Bastien láti kó o lọ sí ẹ̀wọ̀n Cayenne lókè òkun, níbi tí wọn kì í sábà ti bọ̀. Anselme, ọkọ Honorine, ló fi í pamọ́, kò sì sọ ibi tó wà fún un. "Ohun tí o ò bá mọ̀, wọn ò lè fìyà gbà á lẹ́nu ẹ," ló wí nígbà náà.

Alágbàfọ̀ ni Honorine. Ohun tó mọ̀ nínú iṣẹ́ ọkọ rẹ̀ kò ju pé ó ń fi abẹ́rẹ́ ya nǹkan sára pátákó bàbà, tí ìwé ń tibẹ̀ jáde. Ó sáré wálé.

"Anselme, ṣé orí ẹ pé ṣá? O ya àbúrò mi fún aráyé wò?"

"Ohun tí mo rí ni mo yà."

"Gbogbo ìsọ̀ Paris yìí, iwájú ọlọ́pàá lo rí gbé e sí?"

"Wọ́n máa ń tètè rà á níbẹ̀."

Kí Honorine tó fèsì, ọ̀gá ọlọ́pàá Quenot ti wọlé, àwòrán náà lọ́wọ́ rẹ̀. Ó ṣẹ̀ṣẹ̀ ti ìlú Rouen dé ni. Àwọn ọmọọṣẹ́ rẹ̀ ti ń ṣọ́ ẹnu Òpópó Aláró nítorí Bastien, ṣùgbọ́n ilé ibẹ̀ jọra bí ìbejì, wọn ò mọ èyí tí wọn ó wọ̀.

"Ayàwòrán, ṣé látorí lo ti ya èyí?"

"Rárá, ọ̀gá. Mo jókòó síta níbẹ̀, mò ń wò ó, mò ń yà á."

"Ọkùnrin yìí ńkọ́?"

"Ó wà níbẹ̀. Ṣebí àwòrán wà lọ́wọ́ yín."

Inú Honorine bàjẹ́ débi pé kò lè sunkún. Ó tẹ̀ lé Quenot lọ sí Òpópó Aláró, ọkọ rẹ̀ náà sì tẹ̀ lé e. Quenot pe gbogbo ọmọọṣẹ́ rẹ̀, títí kan àwọn tó ń ṣọ́nà, wọ́n sì ya wọ ilé òfìfo kan lápá òsì. Wọ́n tú pákó ilẹ̀, wọ́n fọ́ ògiri. Anselme ò wo ọ̀dọ̀ wọn rárá. Ó kẹ̀yìn sí wọn. Eruku nìkan ni wọ́n kó jáde.

"Ọlọ́run ló yọ Bastien, kì í ṣe ìwọ," Honorine wí nígbà tí wọ́n délé. "Bí ikú ilé ò bá pani, tòde ò lè pani. Mi ò lè bá ọ̀dàlẹ̀ sùn mọ́."

Ó gbé pátákó bàbà náà láti lọ jù ú sínú odò Seine.

"Kọ́kọ́ wò ó ná," Anselme wí.

Lára bàbà náà, níbi tí Anselme ti ya òpópó náà gẹ́lẹ́ bó ṣe rí, kó tó di pé títẹ̀ ẹ́ sórí ìwé sọ ọ̀tún rẹ̀ di òsì, apá ọ̀tún ni Bastien ti ń yọjú, nínú ilé tó ti rọra rìn jáde nígbà tí gbogbo ọlọ́pàá ń fọ́ ògiri lódìkejì.