Píláànù Oko Ọláoyè

Láti ọjọ́ tí Ọláoyè ti sọ nù, odò ni Monínúọlá ìyàwó rẹ̀ ti ń lọ pọn omi. Àwọn méjèèjì péré ló ń gbé abà wọn lẹ́yìn Ìyìn. Ó ti di oṣù mẹ́ta. Ọlọ́pàá ní kó mú ẹ̀dà píláànù oko wá, káwọn lè wá ọkọ rẹ̀ dé gbogbo kọ̀rọ̀. Ó bá wọkọ̀ lọ sí Adó.

"Ẹ kú uṣẹ́ o," ló wí fún Bámgbóyè, tó ń fi ẹ̀rọ méjì, ti àtijọ́ àti tuntun, ṣe ẹ̀dà píláànù nítòsí Ọjà Ọba. "Ọlọ́pàá tó ń bá mi wá ọkọ mi ló ní kí n wá ṣe ẹ̀dà."

Bámgbóyè tẹ́ bébà píláànù fẹ̀rẹ̀gẹ̀dẹ̀ tó gbé wá sórí tábìlì. Ọwọ́ rẹ̀ kan ibì kan tó rí ṣákiṣàki.

"Ìyá, kí ló ha á báyìí?"

"Eku ni. Ẹ̀rọ wo ló ń fi nǹkan hàn jù?"

"Ti àtijọ́ yìí. Iná ń gba inú bébà kọjá, kò sóhun tó ń fi pamọ́. Tuntun yẹn, ojú bébà nìkan ló ń wò. Ó mọ́, ṣùgbọ́n kì í rí ohun tó bá ti ṣá."

"Ẹ ṣe méjèèjì, kí n fojú ara mi rí i."

Òórùn ti àtijọ́ ta wọ́n nímú bí ìtọ̀ òbúkọ. Ní ibi tó ha yẹn, òbìrìkìtì kékeré kan hàn bí òjìji.

"Kí rèé?"

"Ibi tí ọkọ mi ń gbé ife tíì rẹ̀ lé ni. Mo sọ títí, kò gbọ́."

Bámgbóyè rẹ́rìn-ín. Nínú ẹ̀dà kejì, kò sí òbìrìkìtì. Monínúọlá gbé méjèèjì lọ sójú fèrèsé, ó wò wọ́n pẹ́.

"Tó bá jẹ́ èmi," Bámgbóyè ní, "ti àtijọ́ ni mo máa gbé fọ́lọ́pàá."

"Èyí ló mọ́. N ò lè gbé àbàwọ́n ife lọ bá ìjọba."

"Ẹ ń gbìyànjú, Ìyá. Ẹlòmíì ì bá ti fẹ́ ọkọ mìíràn."

"Ta ló ń wá arúgbó?"

Ó ká ẹ̀dà ti ẹ̀rọ àtijọ́ há ìbàdí. Nígbà tó dé abà, ó fi dáná ọbẹ̀.

Lọ́jọ́ kẹta, ọlọ́pàá mẹ́rin dé. Wọ́n ń tẹ̀ lé ẹ̀dà tó mọ́ tó fún wọn, wọ́n wo ìdí kòkó, wọ́n tú ààtàn, wọ́n gba ẹ̀gbẹ́ ebè tẹ̀tẹ̀ tó wà lẹ́yìn ilé ìdáná kọjá. Oòrùn mú. Sájẹ́ńtì wọn bèèrè omi, Monínúọlá sì kúnlẹ̀ gbé e fún un.

"Ó tutù, Ìyá. Níbo lẹ ti ń pọn ọ́n?"

"Odò ni, ọmọ mi. Ó jìn díẹ̀."

Omi kànga tí òbìrìkìtì yẹn dúró fún, tí Monínúọlá fi pákó bò tó sì gbin tẹ̀tẹ̀ lé, kò ṣeé mu mọ́ láti ọjọ́ tó ti ti Ọláoyè sínú rẹ̀.