Ẹni Tí Màmá Àgbà Ń Dúró Dè

Màmá Àgbà pé ọgọ́rin ọdún lónìí. Ìdílé ti gbàdúrà, wọ́n ti dúpẹ́, ó wá ku fọ́tò.

"Màmá, ẹ jókòó sáàárín," ni ayàwòrán wí.

"Rárá o. Ẹnì kan ló ni àga yẹn."

Ayàwòrán rẹ́rìn-ín. "Àbí ẹ ti rí ọkọ tuntun ni?"

"Ó ju ọkọ lọ."

Mọ́tò dúró níta.

Màmá Àgbà yára nu ètè tí wọ́n kùn, wọ́n sì kúnlẹ̀ sẹ́nu ọ̀nà.

Arúgbó kan tẹ ọ̀pá wọlé, wọ́n gbé ọwọ́ lé Màmá Àgbà lórí.

"Ọlọ́run tó dá ọmọ mi sí, mo dúpẹ́. Àmọ́, ta ló ní kí o kun ètè?"

"Ẹ má bínú, màámi. Àwọn ọmọ yìí ló fipá kùn ún fún mi."