Ẹkún Gidi Ni Wọ́n Fẹ́

Yàrá ìgbohùnsílẹ̀ náà há, ó ń rùn fún òógùn.

Ìyá àgbà ń wo ọmọ rẹ̀ obìnrin láti ẹ̀yìn gíláàsì. Orin ọmọdé lọmọ náà ń kọ. Ó gbé ọmọ oṣù mẹ́fà tó bí lọ́wọ́.

"Màmá wà níbí, jòjòló mi. Ẹni bá fọwọ́ kàn ọ́, èmi àti ẹ̀ ni!"

Ìkókó náà figbe ta.

"Ẹkún gidi rèé!" Agbohùnsílẹ̀ ń pàtẹ́wọ́. "Gbogbo ilé ọlọ́mọ lorin yìí máa wọ̀. Ẹ jẹ́ ká tún un gbà."

Ó rí ìyá àgbà lára. Olúwa mi, ṣé ẹkún ọmọ làwọn èèyàn ń pàtẹ́wọ́ fún báyìí?

Ọmọ dákẹ́. Orin tún bẹ̀rẹ̀. Bó ṣe dé "jòjòló mi", ọmọ tún ké tòò.

"Ọmọ yìí gbọ́n o! Ó mọ ibi tó yẹ kó ti wọlé," ni agbohùnsílẹ̀ wí.

Ìyá àgbà dìde, kò kan ilẹ̀kùn kó tó wọlé.

Ohùn ọmọ rẹ̀ ṣì ń dùn bí oyin.

Lábẹ́ aṣọ ìkókó, ó ń já a léèékánná nítan.

Ìyá àgbà já ọmọ gbà.

"Ẹ dá a padà, Màmá. Ó ku ẹ̀ẹ̀kan péré," ni ọmọ rẹ̀ wí.