Pákó Tí Wọ́n Tú Ṣáájú Ọjọ́

Ẹ jọ̀ọ́, ẹ ka ìtàn yìí dé òpin kí ẹ tó fi ránṣẹ́ sí ẹlòmíràn. Kò gùn. Ẹni tó bá ní bàbá tàbí ìyá tí kò kàwé ni mo dìídì kọ ọ́ fún.

1.
Ọmọ bíríkìlà kan wà ní yunifásítì. Olórí àwọn akẹ́kọ̀ọ́ ni, torí náà Olórí ni gbogbo ènìyàn ń pè é. Kì í ṣe ọmọ burúkú o. Òun àti ẹgbẹ́ rẹ̀ ló ń gbá ọgbà ilé ìwé, wọ́n tún ń kọ́ àwọn ọmọ àdúgbò ní ìṣirò lọ́fẹ̀ẹ́. Lọ́dọọdún, yunifásítì máa ń fún akẹ́kọ̀ọ́ tó bá sin ilé ìwé àti ìlú jù lọ ní àmì ẹ̀yẹ. Ibẹ̀ ni ọkàn Olórí wà.

Gọ́tà ńlá kan wà lẹ́yìn ọgbà náà. Bí òjò bá rọ̀, inú omi ni obìnrin kan tí wọ́n ń pè ní Ìyá Aránṣọ àti àwọn ará òdìkejì yòókù ń là kọjá. Olórí ní kí àwọn ṣe afárá sí i. Bàbá rẹ̀ ló wá fi ọwọ́ ara rẹ̀ ṣe é, àwọn akẹ́kọ̀ọ́ ń ru yanrìn.

Lọ́jọ́ tí wọ́n da kọnkéré, bàbá fọwọ́ gbá pákó tó gbé e ró. Ó ní, "Ẹ máa bomi rin ín láàárọ̀ àti nírọ̀lẹ́. Ẹ má tú pákó yìí títí ọjọ́ mọ́kànlélógún. Bí ọmọ tuntun ni kọnkéré rí. Ojú ẹ̀ á gbẹ, egungun ẹ̀ ò tíì le."

Ìyá Aránṣọ rẹ́rìn-ín. "Bàbá Olórí, ẹ kúkú sọ ọ́ lórúkọ."

"Ó di ọjọ́ kọkànlélógún," ni bàbá dá a lóhùn.

2.
Nígbà tó di ọjọ́ kẹsàn-án, ìgbìmọ̀ àmì ẹ̀yẹ ránṣẹ́ pé tí ilẹ̀ bá mọ́, àwọn ń bọ̀ wá wo iṣẹ́. Akẹ́kọ̀ọ́bìnrin kan, tí wọ́n ń pè ní Dókítà, ń du àmì ẹ̀yẹ yìí pẹ̀lú, ìṣẹ́jú ìṣẹ́jú ni orúkọ rẹ̀ ń jáde lẹ́nu èèyàn. Olórí wo pákó àti ìṣó tó yọrí síta.

"Ṣé èyí la máa fi hàn wọ́n? Ẹ tú u."

Akọ̀wé ẹgbẹ́ ní, "Olórí, ṣebí bàbá ẹ ní ká má fọwọ́ kàn án."

"Bàbá mi kọ́ ni ìgbìmọ̀."

Wọ́n tú u. Ìgbìmọ̀ dé, wọ́n rìn kọjá lọ́kọ̀ọ̀kan, wọ́n ya fọ́tò. Afárá ò mì. Lẹ́yìn ọjọ́ mẹ́ta, wọ́n kéde pé Olórí ló gba àmì ẹ̀yẹ náà, wọ́n ní ọjọ́ kejì ni ayẹyẹ rẹ̀.

Ìrọ̀lẹ́ ọjọ́ náà ni bàbá ti ibi iṣẹ́ mìíràn dé. Ó bẹ̀rẹ̀ wo abẹ́ afárá, ó pẹ́ níbẹ̀. Ó rí ojú ibi tó sán, tín-ín-rín bí irun orí.

"Ta ló ní kẹ́ ẹ tú u?"

"Èmi ni, bàbá. Ẹ ò rí i pé ó dúró?"

"Ó dúró. Ọmọ tó ń ta tẹ̀ẹ́tẹ̀ẹ́ náà ń dúró. Jẹ́ ká dí i, kí n gbé òpó sábẹ́ ẹ̀."

"Bàbá, tá a bá ti kúrò ní gbọ̀ngàn lọ́la, gbogbo àlejò ló ń bọ̀ wá ṣí i. Ẹ fẹ́ kí wọ́n bá òpó lábẹ́ ẹ̀? Bíríkìlà ni yín, ẹ kì í ṣe ẹnjiníà."

Bàbá nu ọwọ́ sára ṣòkòtò. "Òótọ́ ni," ó ní. "Bíríkìlà ni mí."

Ó lọ. Olórí mọ̀ pé ọ̀rọ̀ náà wọ̀ ọ́ lára. Ó ní tí ayẹyẹ bá parí, òun á bẹ̀ ẹ́. Ẹ̀yin tẹ́ ẹ̀ ń kà á, ẹ má fi ẹ̀bẹ̀ pamọ́ de ọ̀la.

3.
Láàárọ̀ ọjọ́ ayẹyẹ, bàbá sọ fún ìyàwó rẹ̀ pé, "Máa lọ. Bá mi gba àga kan, mo ń bọ̀." Ìyá gbé báàgì rẹ̀ sórí àga tó wà lẹ́gbẹ̀ẹ́ rẹ̀ níwájú.

Olórí ń wo báàgì náà látorí pèpéle. Ó ti pinnu ohun tóun máa sọ. Nígbà tí wọ́n pe orúkọ rẹ̀, tí wọ́n pàtẹ́wọ́ títí, ó gba ẹ̀rọ gbohùngbohùn.

"Bíríkìlà ló kọ́ afárá yẹn, èmi kọ́. Bàbá mi, ẹ jọ̀ọ́, ẹ dìde kí wọ́n rí yín."

Ẹnikẹ́ni ò dìde. Báàgì nìkan ló wà lórí àga.

Ìyá Aránṣọ ló wọlé, ẹrẹ̀ dé e lórúnkún. Kò wo pèpéle. Ọ̀dọ̀ ìyá Olórí ló lọ tààrà.

4.
Bàbá ti ru òpó méjì lọ. Ó kọ́kọ́ fi okùn dí ọ̀nà ní ẹ̀gbẹ́ méjèèjì afárá náà, kó tó wọ abẹ́ rẹ̀. Òpó àkọ́kọ́ dúró. Ibi tó ti ń kan èkejì ni àárín afárá ti já lé e.

Ní ọsibítù, Olórí kúnlẹ̀ sẹ́gbẹ̀ẹ́ bẹ́ẹ̀dì.

"Bàbá, ẹ dárí jì mí."

Bàbá yíjú sí i. "Ṣé ẹnì kankan wà lórí ẹ̀?"

"Kò sí, bàbá. Okùn tẹ́ ẹ so ò jẹ́ kẹ́nikẹ́ni gùn ún."

"Ó dáa."

Ọ̀rọ̀ tó sọ kẹ́yìn nìyẹn.

5.
Àwọn bíríkìlà ẹgbẹ́ rẹ̀ ló da kọnkéré sójú oórì rẹ̀. Lọ́jọ́ kẹta, wọ́n fẹ́ tú pákó tí wọ́n fi yí i ká. Olórí dúró níwájú rẹ̀.

"Kò tíì pé."

Ìyá rẹ̀ ní, "Ọmọ mi, orí ilẹ̀ ló wà. Kò sóhun tó máa wó."

"Màámi, ẹ jẹ́ kó pé."

Àárọ̀ àti ìrọ̀lẹ́ ló ń gbé garawa lọ, tó ń bomi rin ín, fún ọjọ́ mọ́kànlélógún. Àmì ẹ̀yẹ náà ṣì wà nínú páálí rẹ̀. Kò ṣí i.

Ẹ̀yin ọmọ tó kàwé, ẹ̀yin olórí tẹ́ ẹ̀ ń wá ìyìn, ẹ ṣọ́ra. Bí ẹni tó mọ iṣẹ́ bá ní ẹ dúró, ẹ dúró, ìbáà jẹ́ pé kò lè kọ orúkọ ara rẹ̀. Fọ́tò tó rẹwà kò lè gbé èèyàn kọjá omi. Ohun tí a bá fẹ̀sọ̀ mú kì í bàjẹ́. Ohun tí a bá fagbára mú ní í le koko.