Obìnrin Mẹ́ta Inú Ilé Sàídù

Ẹ̀yin ará, ẹ má ka ìtàn yìí dé àárín kí ẹ gbé e sílẹ̀. Ẹ kà á tán, torí orúkọ tiyín náà wà nínú ìwé kan níbì kan.

1.

Ní Okpomèta, nígbà ìjọba àwọn ológun tó ń pe ara wọn ní kámáràdì, Lábọ̀dé ni akọ̀wé abúlé. Nínú ìwé ńlá tí akọ̀wé tó ṣáájú rẹ̀ fi sílẹ̀ fún un, ìlà kan ni ilé kan, gbogbo orúkọ ará ilé náà sì fún pọ̀ sí àyè kan ṣoṣo. Firmin, ọ̀gá tí wọ́n rán wá láti Kétu, kò fẹ́ bẹ́ẹ̀ mọ́.

"Kámáràdì Lábọ̀dé, kọ àwọn ilé sínú ìwé kan, kọ àwọn ènìyàn sínú òmíràn. Ìlà kan, ènìyàn kan, pẹ̀lú nọ́ńbà ilé rẹ̀ lẹ́gbẹ̀ẹ́. Kí o sì bèèrè láti ilé dé ilé."

Bọ́sẹ̀, ìyàwó Lábọ̀dé, gbé bàtà wá fún un. Lábọ̀dé rẹ́rìn-ín.

"Kí ni mo fẹ́ bèèrè? Vírígúlù wà láàárín àwọn orúkọ. Ibi tí mo bá ti rí i, ẹnì kan parí níbẹ̀, ẹlòmíràn bẹ̀rẹ̀."

"Bàbá Wùmí, ìlà kékeré onírù yẹn mọ ènìyàn ni?"

"Ìwọ tí o kò mọ A!"

Ó jókòó sábẹ́ igi máńgòrò, kò ro ti ẹni tó ni orúkọ, vírígúlù nìkan ló ń wò, títí ó fi kọ gbogbo rẹ̀ tán ní ọjọ́ méjì.

2.

Lọ́dún náà, ẹ̀rù àjèjì tó lè fara pamọ́ sílé ẹnì kan ń ba gbogbo ènìyàn. Ẹni tó bá ra iyọ̀ ju ti àná lọ, aládùúgbò á wò ó lẹ́ẹ̀mejì. Firmin mú ìwé tuntun, òun àti ẹ̀ṣọ́ méjì wọ ilé àkọ́kọ́, ilé Sàídù àgbẹ̀.

"Ìwé ní obìnrin mẹ́ta: Àbẹ̀bí, Àyìsátù, Clémence. Ẹyọ kan ni mo rí. Àwọn méjì dà?"

"Èmi náà ni, ọ̀gá!" ni ìyàwó Sàídù dáhùn. "Àbẹ̀bí ni ìyá àgbà fi ń kì mí. Àyìsátù ni ààfáà sọ mí. Clémence ni tíṣà fún mi."

"Bẹ́ẹ̀ ni gbogbo ẹni tó ń fi ènìyàn pamọ́ ṣe ń wí."

Wọ́n tú abà àgbàdo. Aládùúgbò kan tilẹ̀ ní òun rí ojú ẹsẹ̀ obìnrin méjì létí odò. Wọ́n mú Sàídù lọ sí Kétu, òjò àkọ́rọ̀ sì ti rọ̀, irúgbìn rẹ̀ ṣì wà nínú akèrègbè.

Àbẹ̀bí sáré tọ Lábọ̀dé lọ. "Ẹ̀gbọ́n, ẹ ṣáà mọ̀ mí. Ẹ bá mi sọ fún wọn."

Lábọ̀dé mọ̀ pé òun ló ṣàṣìṣe. Bó bá jẹ́wọ́, wọn á gba kálámù lọ́wọ́ rẹ̀.

"Ìwé kì í purọ́," ló wí.

3.

Ní ọjọ́ kẹjọ, wọ́n padà wá fún ilé kejì. Ilé Lábọ̀dé ni.

"Bọ́sẹ̀ rèé. Thérèse dà?"

Lábọ̀dé fò dìde. "Ọ̀gá, òun náà ni Thérèse! Orúkọ ìrìbọmi rẹ̀ ni!"

"Ṣé ìwé wá ń purọ́ ni?"

Bọ́sẹ̀ káwọ́ lérí. "Ẹ bi vírígúlù."

Lábọ̀dé kúnlẹ̀, ó jẹ́wọ́ pé vírígúlù ni òun tẹ̀lé, òun kò bi onílé kankan. Ọjọ́ kejì ni Sàídù padà délé, ṣùgbọ́n òjò ti dá, kòkòrò ti jẹ irúgbìn. Oko rẹ̀ ṣófo lọ́dún náà. Wọ́n gba kálámù lọ́wọ́ Lábọ̀dé. Títí di òní, bó bá kí Àbẹ̀bí lọ́nà oko, Àbẹ̀bí á kọ́kọ́ wo ẹ̀yìn ara rẹ̀.

"Èwo nínú àwa mẹ́tẹ̀ẹ̀ta lẹ ń kí?"

Ẹ̀yin tí kálámù wà lọ́wọ́ yín, ẹ ṣọ́ra. Orúkọ kọ́ ni ènìyàn. Kí ẹ tó pín ohun tí ẹlòmíràn kọ pọ̀, ẹ dìde, ẹ lọ bi onílé. Ẹni tó bá bèèrè ọ̀nà kì í ṣìnà.