Awò Dúdú Ìyá Òròmọ

Ẹ gbé etí wá, àlọ́ mi ti gbéra, ó já lu Adìẹ tó fẹ́ràn awò ojú dúdú.

Adìẹ ní mẹ́fà nílé, ó ń pààrọ̀ wọn bí ẹní ń pààrọ̀ gèlè. Ni Kọ̀lọ̀kọ̀lọ̀ bá gbé ìkeje wá fún un lọ́fẹ̀ẹ́. "Ìyá Òròmọ, ẹ fi èyí sójú, kẹ́ ẹ kó àwọn ọmọ wá kí mi lọ́la."

Pẹ́pẹ́yẹ ní, "Látìgbà wo ni Kọ̀lọ̀kọ̀lọ̀ ti ń fúnni lẹ́bùn? Ara ń fu mí o."

Adìẹ ní, "Ó ń fu èmi náà. Ṣùgbọ́n mo ti kọ́ àwọn ọmọ mi. Tí mo bá ti ranjú mọ́ wọn, wọn ò ní fẹnu kan oúnjẹ onílé."

Lọ́jọ́ kejì, Adìẹ fi awò náà sójú, òun àtàwọn ọmọ dé ilé Kọ̀lọ̀kọ̀lọ̀. Kọ̀lọ̀kọ̀lọ̀ da àgbàdo sínú ihò rẹ̀, ó ń kọrin:

Òròmọ, ẹ wojú ìyá yín,
*Kẹ̀rẹ̀jẹ̀*
Ṣé ó bínú àbí kò bínú?
*Kẹ̀rẹ̀jẹ̀*
Àgbàdo rèé nínú ihò,
*Kẹ̀rẹ̀jẹ̀*

Ojú ń ti Adìẹ láti fẹnu sọ ọ́ níwájú onílé. Ó ranjú títí omi fi bọ́ lójú rẹ̀, awò ò jẹ́ kí wọ́n rí i.

Àbíkẹ́yìn ní, "Màámi ò mà ranjú." Ó wọlé, kò jáde mọ́.

Ìgbà yẹn ni Adìẹ tó pariwo, táwọn tó kù sá sábẹ́ apá rẹ̀.

Àtọjọ́ náà ni kì í fojú bá ọmọ sọ̀rọ̀ mọ́. Àárọ̀ dalẹ́ ló ń kígbe pè wọ́n. Ẹni tó bá ní mo parọ́, kó súnmọ́ adìẹ tó kó ọmọ lẹ́yìn.